Bí A Ṣe Ń Fọ Bàbà, Idẹ, Fàdákà àti Àwọn Irin Ilé Yòókù Kí Wọ́n Lè Dán Láìbàjẹ́

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò nígbà tí wọ́n bá mú àkísà àti pọ́líìṣì lọ́wọ́ láti dán ohun èlò bàbà tàbí fàdákà. Dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ àkísà yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí tó ti ìta wá nìkan; ara irin náà ni apá kan nínú rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ti sọ di nǹkan mìíràn. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí a bá fi ọwọ́ ha irin kí ó lè dán ni a ń yọ díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, bó ti wù kí ó kéré tó. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn kò ní fi agbára fọ ohun tí omi àti ọṣẹ ti tó fún, kò sì ní fi ohun tó yẹ irin kan fọ òmíràn. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìtọ́sọ́nà tó tẹ̀ lé e dúró lé: ẹ kọ́kọ́ mọ irin tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ohun tó rọ̀ jù lọ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dáwọ́ dúró níbi tó bá ti tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irin tó wà lọ́wọ́ yín

Kí ẹ tó fi ohunkóhun kan nǹkan náà, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti dára, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò yíká. Bàbà pupa rúsúrúsú. Idẹ, tí í ṣe àdàlù bàbà àti síǹkì, ní àwọ̀ ìyeyè tó jọ ti wúrà. Àdàlù bàbà àti tánńganran náà wà, tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn ju ti idẹ gan-an lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé idẹ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Fàdákà funfun, ṣùgbọ́n ó wúwo, nígbà tí alumíníọ̀mù tó jọ ọ́ lójú fúyẹ́ gan-an bí a bá gbé e lọ́wọ́.

Ojú nìkan kò tó. Ẹ wá òòfà kékeré kan. Òòfà kì í fa bàbà, idẹ, fàdákà, wúrà tàbí alumíníọ̀mù. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ohun tó jọ idẹ lójú, a jẹ́ pé irin dúdú ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n kàn fi idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ohun tó ń ha rárá, nítorí pé bí ìbòrí náà bá ti lọ, kò sí bí a ṣe lè dá a padà nílé. Lórí irin tí kì í dípàárà, ìyẹn stainless steel, òòfà kò lè dájọ́ fún wa, torí pé òòfà ń fa irú kan nínú rẹ̀, kò sì ń fa irú mìíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdí tàbí ẹ̀yìn ohun èlò náà bóyá wọ́n tẹ àmì sí i. Nọ́ńbà 925 túmọ̀ sí pé ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni fàdákà, tí ìyókù sì sábà máa ń jẹ́ bàbà. Bí ó bá jẹ́ pé EPNS ni ẹ rí níbẹ̀, ìbòrí ni fàdákà tó wà lára rẹ̀, irin mìíràn ló wà nísàlẹ̀, ọwọ́ fífúyẹ́ ló sì yẹ kí a fi mú un.

Ohun tó kù ni fáníìṣì. Ọ̀pọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi idẹ àti bàbà ṣe ni wọ́n ti fi fáníìṣì tí kò ní àwọ̀ bò kí wọ́n má baà ṣú. Láti mọ̀ bóyá fáníìṣì wà lára tiyín, ẹ fi pọ́líìṣì díẹ̀ sí àkísà funfun, kí ẹ sì fi ra ibi tó fara sin. Bí àkísà bá dúdú, irin ni ọwọ́ yín kàn. Bí kò bá dúdú, fáníìṣì ni. Ohun tó bá ní fáníìṣì tí kò tíì ṣí kò nílò ju omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ lọ. Ẹni tó bá ń ra pọ́líìṣì mọ́ ọn ń ṣe làálàá lásán ni, ó sì tún ń ba ìbòrí tó ń dáàbò bo irin náà jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kó àwọn ohun ìlò jọ

Èyí kò pọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti wà nínú ilé. Ẹ nílò aṣọ òwú tó ti gbó tó sì rọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí irun rẹ̀ kò le, kànrìnkàn rírọ̀, bàsíà oníke, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, fínígà funfun, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí lẹ́mọ̀ọ́nù, iyọ̀ tó kúnná, ìyẹ̀fun díẹ̀, baking soda, bébà fọ́ìlì alumíníọ̀mù, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, òróró, àti ìda oyin bí ẹ bá rí i.

Àwọn ohun kan wà tó yẹ kí ẹ gbé sọ́tọ̀. Kànrìnkàn onírin kò gbọdọ̀ kan fàdákà, idẹ, bàbà tàbí irin tí kì í dípàárà. Bílíìṣì kì í ṣe ohun ìfọrin rárá, nítorí pé ó máa ń jẹ ihò wẹ́wẹ́ sára ọ̀pọ̀ irin. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọṣẹ ìfọyín dán fàdákà, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà yín níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun líle tó kúnná wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún eyín, eyín sì le ju fàdákà lọ dáadáa. Ohun tí eyín lè gbà á mọ́ra máa ń fi ìlà wẹ́wẹ́ sára fàdákà, ìlà náà ni kì í sì í jẹ́ kí ó dán bó ṣe yẹ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fọ ọ́ kí ẹ tó dán an

Eruku àti iyanrìn wẹ́wẹ́ tó wà lára ohun èlò máa ń di ohun ìfárin bí a bá fi aṣọ gbígbẹ ra wọ́n mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbọn eruku kúrò, kí ẹ pò ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú bàsíà oníke, kí ẹ sì fi kànrìnkàn rírọ̀ fọ gbogbo ara rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wọ inú àwọn ọ̀nà híhá tó wà lára iṣẹ́ ọnà. Ẹ ṣan án, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí iye ohun èlò tó ń parí síbí yìí ṣe pọ̀ tó: ọ̀rá láti ibi ìdáná ló bò wọ́n lójú, kì í ṣe pé wọ́n ti ṣú. Bí ẹ bá rí i pé ó ti dára lójú yín lẹ́yìn tí ó gbẹ, ẹ má ṣe lọ síwájú mọ́.

Bàbà

Bàbà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, òun náà ni ọ̀rọ̀ sì pọ̀ jù lórí rẹ̀. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń mú un, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi kúrò ní pupa tó ń tàn di pupa tó ṣókùnkùn. Imí-ọjọ́ díẹ̀díẹ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ yóò sì mú un ṣú títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Bí ó bá wà níta nínú òjò àti ọ̀rinrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọ̀ ewé ni yóò bò ó. Ère Òmìnira tó wà ní èbúté New York, tí wọ́n ṣí ní 1886, bàbà ni wọ́n fi ṣe awọ rẹ̀, ìnípọn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi mílímítà 2.4 lọ. Kò tó ogójì ọdún tí gbogbo ara rẹ̀ fi di àwọ̀ ewé tí a mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí. Kò sí ẹni tó ń ha àwọ̀ náà kúrò, nítorí pé òun gan-an ló ń dáàbò bo bàbà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé kì í ṣe gbogbo bàbà tó ti ṣókùnkùn ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a dán òun. Bí ó bá jẹ́ ohun àtijọ́, pàápàá owó bàbà tàbí ère, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí pé àwọ̀ tí ọjọ́ orí fún un wà lára iyì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò yàtọ̀. Àwọ̀ ewé tó bá yọ nínú ìkòkò tàbí kẹ́tùlù bàbà jẹ́ májèlé, a kò sì gbọdọ̀ fi ohun èlò bẹ́ẹ̀ se oúnjẹ títí a ó fi yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ bàbà tó ṣú díẹ̀, ẹ gé lẹ́mọ̀ọ́nù tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, ẹ tẹ ojú rẹ̀ mọ́ iyọ̀, kí ẹ sì máa fi ra bàbà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ ó rí i tí àwọ̀ pupa yóò máa yọ lábẹ́ ọwọ́ yín lójú ẹsẹ̀. Èròjà kíkan inú ọsàn ló ń yọ́ ìṣú náà, iyọ̀ ló sì ń mú kí ó yá. Iyọ̀ tó hóró lè fi ìlà sílẹ̀ lára bàbà tó ń dán bíi dígí, nítorí náà èyí tó kúnná ni kí ẹ lò, kí ẹ sì jẹ́ kí omi ọsàn náà kọ́kọ́ yọ́ ọ díẹ̀.

Bàbà tó ti ṣú gan-an ń fẹ́ ohun tí yóò dúró lára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ yọ́ iyọ̀ ṣíbí kékeré kan sínú ìlàjì ife fínígà, kí ẹ sì máa da ìyẹ̀fun sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ki tó láti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò láìṣàn wálẹ̀. Ìyẹ̀fun kò fọ ohunkóhun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di fínígà mú lórí ibi tó dúró ṣánṣán. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi kun gbogbo ara bàbà náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó tutù ra á díẹ̀, kí ẹ sì fi omi gbígbóná ṣan án.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ti ń bàjẹ́. Bí fínígà àti iyọ̀ bá kù sínú ọ̀nà híhá tàbí lábẹ́ ìdìmú, àmì aláwọ̀ ewé yóò ti yọ níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi omi ọṣẹ tí ẹ pò baking soda díẹ̀ mọ́ fọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé baking soda yóò pa agbára èròjà kíkan tó bá ṣẹ́kù. Ẹ tún un ṣan, kí ẹ sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, láìdúró de afẹ́fẹ́ kí ó bá yín gbẹ ẹ́. Omi tó bá gbẹ lára bàbà fúnra rẹ̀ máa ń fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ìdí ìkòkò ló jó, tí ọ̀rá ti gan mọ́ ọn, ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ tàbí kànrìnkàn onírin fá a. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ sì fi baking soda tí ẹ fi omi díẹ̀ pò ra á léraléra, kí ẹ máa ṣan án láàárín. Ó lè gbà yín ní ìrọ̀lẹ́ méjì. Ọ̀rá nìkan ni baking soda ń mú lọ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀rá bá lọ tán ni kí ẹ tó lo fínígà fún àwọ̀ bàbà náà.

Inú ìkòkò bàbà ń fẹ́ àkíyèsí tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi tánńganran bò nínú, nítorí pé oúnjẹ tó kan máa ń yọ bàbà sínú ara rẹ̀. Tánńganran rọ̀, ó sì ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 232°C, nítorí náà ẹ má ṣe gbé ìkòkò bẹ́ẹ̀ ka iná láìsí ohunkóhun nínú rẹ̀, ẹ má sì fi ohun líle fọ inú rẹ̀. Dúdú tó ń mú tánńganran kì í pa ènìyàn lára, kò sì yẹ kí a máa fá a kí ó lè funfun. Ṣùgbọ́n bí bàbà pupa bá ti ń hàn nísàlẹ̀ rẹ̀, tó sì fẹ̀ tó owó ẹyọ kan, ó ti di iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tó mọ bí a ṣe ń tún tánńganran bò ó. Títí ìgbà náà, ẹ má ṣe fi í se oúnjẹ mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí pọ́líìṣì wọ inú ohun tí a fi ń se oúnjẹ.

Bàbà tó jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ nìkan lè gba ìda. Ẹ fi ìwọ̀nba ìda oyin tàbí ìda tí a ń tà fún irin sí aṣọ, ẹ fi pa á lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nígbà tó bá ṣì móoru díẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ mìíràn nù ún títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Yóò dán fún oṣù bíi mélòó kan kí ó tó tún máa ṣú.

Idẹ

Lẹ́mọ̀ọ́nù àti fínígà tí a lò fún bàbà ń ṣiṣẹ́ fún idẹ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ́ èyí nípa ìpàdánù. Mo fi ọ̀pá àbẹ́là idẹ kan sínú fínígà oníyọ̀ lálẹ́ nítorí pé ó ti ṣú gidigidi, mo sì lọ sùn. Nígbà tí mo yọ ọ́ ní òwúrọ̀, àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ ti lọ, ó sì ti di pupa ràkọ̀ràkọ̀ bíi bàbà tí kò dán. Síǹkì inú idẹ ni èròjà kíkan kọ́kọ́ máa ń jẹ, bàbà ni yóò sì kù lójú. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ wákàtí pẹ̀lú pọ́líìṣì kí àwọ̀ rẹ̀ tó padà, iṣẹ́ ọnà tó wà lára rẹ̀ kò sì tún mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo máa ń fún idẹ nínú ohun kíkan, mo sì máa ń dúró tì í.

Idẹ tí kò ṣú púpọ̀ kò nílò fínígà. Ẹ fi pọ́líìṣì tó tó ìwọ̀n ẹ̀wà kan sí aṣọ òwú, ẹ máa ra á ní ibi kékeré lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa yí ojú aṣọ náà padà bí ó bá ti ń dúdú. Ẹni tó bá ń fi ojú aṣọ tó ti dúdú ra á lọ ń kó ìṣú padà sára rẹ̀ ni. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí pọ́líìṣì náà gbẹ, ẹ mú aṣọ mímọ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ fífúyẹ́ nù ún títí yóò fi tàn. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ láti yọ pọ́líìṣì tó bá ha sínú iṣẹ́ ọnà, nítorí pé bí ó bá gbẹ síbẹ̀, funfun ni yóò máa hàn.

Bí ó bá jẹ́ ìdìmú ilẹ̀kùn ni, ó dára kí ẹ yọ skúrùù rẹ̀ kí ẹ sì mú un lọ síbi iṣẹ́. Bí kò bá ṣeé yọ, ẹ gé páálí kan kí ó yí i ká, kí pọ́líìṣì má baà ta sí igi tàbí ògiri.

Ẹ yẹra fún ohun ìfọnǹkan tí amóníà pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà kíyè sí i pé àpò ọta ìbọn wọn tí wọ́n fi idẹ ṣe ń là fúnra wọn ní àsìkò òjò. Ìgbà tó yá ni wọ́n tó mọ̀ pé amóníà tó ń jáde láti inú ìtọ̀ ẹṣin ní ibùso tó wà nítòsí ló ń wọ inú idẹ náà, tó sì ń là á. Ohun tó lè la ara ọta ìbọn lè la ara agogo tàbí àwo idẹ pẹ̀lú.

Idẹ tí fáníìṣì rẹ̀ ti ń bó, tí ìṣú sì ti gba ibi tó bó wọlé, kò ṣeé dán títí a ó fi yọ fáníìṣì náà tán. Acetone, tí ó wà nínú ohun tí a fi ń yọ ọ̀dà èékánná, ló ń yọ ọ́. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, jìnnà sí iná, nítorí pé èéfín rẹ̀ ń yára gbiná.

Fàdákà

Fàdákà kì í ṣú nítorí ọ́síjìn. Imí-ọjọ́ ni ọ̀tá rẹ̀: ó wà nínú ẹyin, nínú àlùbọ́sà, nínú irun àgùntàn, nínú rọ́bà, àti nínú afẹ́fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jó èédú. Òun ló ń sọ ojú fàdákà di ìyeyè, tí yóò sì di dúdú nígbẹ̀yìn. Fàdákà tí a ń lò lójoojúmọ́ kì í sábà ṣú, nítorí pé fífọ̀ àti nínù ń mú ìṣú náà lọ kí ó tó fìdí múlẹ̀. Bí ẹ bá ní ṣíbí àti fọ́ọ̀kì fàdákà tí ẹ kó pamọ́ nítorí àlejò, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ máa fi jẹun.

Ọ̀nà kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ yọ fàdákà kúrò. Ẹ tẹ́ bébà fọ́ìlì sínú bàsíà, ẹ to fàdákà lé e kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fara kan fọ́ìlì náà, kí ẹ wọ́n baking soda ṣíbí ńlá mẹ́rin sí i, kí ẹ sì da lítà kan omi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hó lé e lórí. Yóò hó ṣùùrù, òórùn bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́ yóò sì jáde. Imí-ọjọ́ ló ń fi fàdákà sílẹ̀ lọ bá alumíníọ̀mù. Fàdákà tó ti di ìṣú yóò sì padà di fàdákà. Láàárín ìṣẹ́jú méjì sí márùn-ún, ẹ yí wọn padà, ẹ yọ wọ́n, ẹ ṣan wọ́n, kí ẹ sì nù wọ́n gbẹ. Fọ́ìlì náà yóò ti dúdú. Ẹ má ṣe lò ó mọ́.

Ọ̀nà yìí kò yẹ gbogbo fàdákà. Ẹ má ṣe fi ohun tó ní òkúta iyebíye, péálì tàbí ohun tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ sínú rẹ̀, tàbí ọ̀bẹ tí ìdìmú rẹ̀ ṣófo, nítorí pé omi gbígbóná máa ń yọ́ ohun tó di abẹ rẹ̀ mú. Bákan náà ni iṣẹ́ ọnà tí alágbẹ̀dẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi dúdú sínú ìlà rẹ̀ kí àwòrán lè yọ. Bàsíà yìí yóò kó gbogbo dúdú náà lọ, àwòrán yóò sì parẹ́ mọ́ ojú. Fún irú wọn, aṣọ tó rọ̀ àti pọ́líìṣì tí wọ́n ṣe fún fàdákà nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ máa nù ún lọ bọ̀ ní gígùn láìyí ọwọ́ po, kí ìlà kékeré tó bá kù má baà hàn sí ìmọ́lẹ̀. Fàdákà tó jẹ́ ìbòrí kò yẹ kí ó rí pọ́líìṣì ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún.

Alumíníọ̀mù

Alumíníọ̀mù máa ń bo ara rẹ̀ pẹ̀lú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ohun tó ń mú inú ìkòkò alumíníọ̀mù dúdú ni omi tó ní èròjà ilẹ̀ nínú, ọṣẹ líle, àti baking soda. Ẹ kíyè sí i pé baking soda tó ran fàdákà lọ́wọ́ ni ọ̀tá alumíníọ̀mù. Eérú igi náà bẹ́ẹ̀. Sódà líle tí a fi ń ṣe ọṣẹ tàbí tí a fi ń ṣí ihò omi burú jù, nítorí pé ṣe ni yóò máa jẹ alumíníọ̀mù lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn. Ẹ bu omi kún ìkòkò náà kọjá ibi tó dúdú, ẹ da fínígà ṣíbí ńlá méjì sí lítà omi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi ni yóò gbé dúdú náà, ìkòkò yóò sì funfun. Dúdú náà kò léwu fún ẹni tó bá fi í sílẹ̀.

Irin tí kì í dípàárà

Harry Brearley, onímọ̀ irin kan ní ìlú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe irin yìí ní 1913. Kírómíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń hun awọ tí ojú kò lè rí sórí rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí awọ yìí bá ṣì wà, kò ní dípàárà. Bílíìṣì àti iyọ̀ tó bá jókòó pẹ́ sára rẹ̀ ló máa ń lu awọ náà. Bí ẹ bá ń da iyọ̀ sínú ìkòkò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi ti máa hó kí iyọ̀ lè yọ́ kíá, nítorí pé hóró iyọ̀ tó bá sùn sísàlẹ̀ omi tútù máa ń fi ihò wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Kànrìnkàn onírin náà ń fi èérún irin dúdú sílẹ̀ lára rẹ̀, èérún yìí ni yóò sì dípàárà lọ́jọ́ kejì, tí a ó máa rò pé irin náà gan-an ló bàjẹ́.

Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí apá kan lára rẹ̀; ẹ máa nù ún tẹ̀ lé ìlà náà. Fínígà díẹ̀ lórí aṣọ ń mú àwọ̀ òṣùmàrè tí iná fi sí ìdí ìkòkò lọ, ó sì ń mú àmì funfun tí omi tó gbẹ fi sílẹ̀ lọ pẹ̀lú.

Irin dúdú

Ìkòkò àti agbada irin dúdú kò nílò dídán. Òróró tó ti jó mọ́ ọn lára ni ẹwà rẹ̀. Bí ìpáàrà bá ti mú un, irin yìí nìkan ni mo máa ń gbà kí a fi kànrìnkàn onírin fọ̀ nínú gbogbo ohun tí a ti dárúkọ. Ẹ fá ìpáàrà náà títí irin yóò fi yọ, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ọ́ kíákíá, kí ẹ sì gbé e ka iná títí yóò fi gbẹ pátápátá. Ẹ fi òróró pa gbogbo ara rẹ̀, kí ẹ sì tún nù ún bí ẹni pé ẹ kábàámọ̀ pé ẹ fi sí i. Òróró tó bá pọ̀ yóò máa lẹ̀ ni. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ nínú ààrò tó gbóná tó 230°C fún wákàtí kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù síbẹ̀. Ooru ń sọ òróró náà di awọ líle. Ẹ lè ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó dára. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má ṣe rẹ ẹ́ sínú omi mọ́.

Kírómù àti wúrà

Ẹnu ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi kírómù bò kò fẹ́ ju aṣọ tó tutù lọ. Bí àmì ìpáàrà bá wà lára rẹ̀, ẹ rún fọ́ìlì mọ́wọ́, ẹ rì í bọ inú omi, kí ẹ sì fi ra á jẹ́jẹ́. Wúrà kì í ṣú. Omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Ẹ bọ́ òrùka kí ẹ tó fọwọ́ kan bílíìṣì, nítorí àwọn irin yòókù tó wà nínú àdàlù rẹ̀.

Ààbò àti ìtọ́jú

Ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà tàbí amóníà láé, nítorí pé èéfín tó ń jáde lára wọn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè pa ènìyàn. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì kó àkísà tí ẹ fi pọ́líìṣì sí kúrò nítòsí iná àti ọwọ́ ọmọdé.

Ọ̀rinrin ni ẹ ó máa bá jà níbi ìpamọ́. Ẹ jẹ́ kí ohun èlò kọ̀ọ̀kan gbẹ dáadáa, kí ẹ wé e sínú aṣọ òwú tí a ti fọ̀ mọ́, kí ẹ sì fi í sínú àpótí tó sé. Ẹfun ìkọ̀wé bíi mẹ́ta nínú àpótí náà yóò máa fa ọ̀rinrin. Ẹ máa sá wọn sóòrùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè tún gbẹ. Ẹ má ṣe fi ìwé ìròyìn tàbí aṣọ onírun wé fàdákà, ẹ má sì fi rọ́bà dè é pọ̀. Ojú ibi tí rọ́bà bá gbà kọjá lára ṣíbí fàdákà máa ń di ìlà dúdú tó wọ inú rẹ̀ lọ, pọ́líìṣì kì í sì í sábà rí i yọ tán. Okùn òwú ni kí ẹ fi dè é.